Pèrègún Ni, Kì í Ṣe Ọparun: Bí Mo Ṣe Ń Tọ́jú Lucky Bamboo Nínú Ilé

Aránṣọ ni mí, Mókọ́lá ní Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Lọ́jọ́ tí mo ṣí i ní ọdún 2016, oníbàárà mi kan tó ti Èkó wá gbé ẹ̀bùn fún mi: ọ̀pá aláwọ̀ ewé mẹ́ta tó gùn tó rúlà ọmọ iléèwé, tí wọ́n kì sínú ìgò tó mọ́ gaara, tí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ wúrà so pọ̀ láàárín. Wọ́n ní lucky bamboo ni, pé tí mo bá tọ́jú rẹ̀, ọjà mi yóò máa tà. Mo dúpẹ́, mo sì gbé e sójú fèrèsé kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i.

Oṣù mẹ́rin péré ló lò lọ́wọ́ mi. Bámbù ni wọ́n pè é, ọparun ni bámbù, mo sì mọ ọparun dáadáa. Ọparun etí odò nílé wa, oòrùn a máa pa á láti àárọ̀ títí ọjọ́ yóò fi rọ̀, àgbàrá a máa gbá ìdí rẹ̀, síbẹ̀ ńṣe ló ń gbilẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi tèmi náà sílẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Tí omi rẹ̀ bá fà, mo bu omi ẹ̀rọ lé e lórí. N kò da ti tẹ́lẹ̀ nù rí. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo rò pé ebi ló ń pa á, mo wá da ṣíbí kékeré kan ajílẹ̀ NPK sínú ìgò náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ìdí ọ̀pá méjì ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, omi inú ìgò sì ń rùn.

Àsìkò yẹn ni màmá mi wá kí mi láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, wọ́n tẹjú mọ́ ìgò náà, wọ́n sì fọwọ́ ra ewé rẹ̀. Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, ta ló sọ fún ọ pé ọparun lèyí? Àbúrò pèrègún ni.” Mo ní, Màámi, bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Wọ́n ní kí n mú èyí tó ti kú nínú wọn kí n gé e ní ìdábùú. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé e. Inú rẹ̀ dì, ó kún láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Wọ́n ní, “Ìgbà wo ni inú ọparun kún?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ́jú rẹ̀ bíi pèrègún tó ń gbé inú omi. Ọ̀pá kan ṣoṣo tó kù nínú mẹ́ta yẹn ti di mọ́kànlá báyìí, láì ka àwọn tí mo ti fún èèyàn. Ìdí nìyí tí n kò fi ní kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ omi tàbí oòrùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú igi tó wà lọ́wọ́ yín ná, torí orúkọ yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà.

Irú igi tó jẹ́

Ọparun gidi, koríko ni. Ìdílé kan náà ni òun, ìrèké, àgbàdo àti ìrẹsì ti wá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Bambusa vulgaris, òun ni àwọn kápẹ́ńtà fi ń gbé dẹ́kìn dúró títí kọnkéré yóò fi gan. Ihò ló wà nínú rẹ̀ láti oríkèé kan dé òmíràn. Oòrùn àti ilẹ̀ tó fẹ̀ ló ń wá. Ẹni tó bá gbé e sínú yàrá, ìyà ló fi ń jẹ ẹ́.

Lucky bamboo ní tirẹ̀, Dracaena sanderiana ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, inú ìdílé Dracaena kan náà sì ni pèrègún tí a fi ń pààlà ilẹ̀, tí a ń rí lójúbọ Ògún, ti wá. Sander tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ jẹ́ ọmọ Jámánì kan tó ń ta òdòdó ní ìlú St Albans nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ohun tó lé ní 100 ọdún sẹ́yìn. Inú igbó Kamẹrúùnù àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká ní àárín gbùngbùn Áfíríkà ni igi náà ti ṣẹ̀. Abẹ́ àwọn igi ńlá ló ti ń hù, níbi tí oòrùn kì í ti í kan ewé rẹ̀ tààrà, tí ilẹ̀ sì máa ń tutù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ibi tó yẹ kí ẹ gbé e sí.

Àwọn olódòdó ilẹ̀ Ṣáínà àti Taiwan ló sọ ọ́ di ohun tó jọ ọparun. Wọ́n á gé ọ̀pá rẹ̀, wọ́n á já ewé ìsàlẹ̀ kúrò kí oríkèé rẹ̀ lè hàn síta, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ káàkiri ayé. Fùguì zhú ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọparun ọrọ̀ àti ọlá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oríire ti wá. Lójú tiwọn, ọ̀pá mẹ́ta dúró fún ìdùnnú, ọrọ̀ àti ẹ̀mí gígùn. Wọn kì í fún èèyàn ní mẹ́rin, nítorí bí wọ́n ṣe ń pe mẹ́rin lédè wọn sún mọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ikú. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé igi ilẹ̀ Áfíríkà ló lọ sókè òkun, tó gba orúkọ tuntun níbẹ̀, tó tún padà wọlé tọ̀ wá wá nínú ìgò.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó le bí ìrèké. Èyí tó bá rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́, ẹ fi í sílẹ̀, bí ewé orí rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Tí ọ̀pá bá ní àwọ̀ pípọ́n níbì kan, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá ní yóò padà di tútù. Kì í padà. Ẹ gbóòórùn omi tó wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú. Omi tó ń rùn ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ wo gbòǹgbò. Gbòǹgbò rẹ̀ tó bá pupa bí awọ ẹyìn, ara rẹ̀ le nìyẹn. Mo mọ obìnrin kan ní àdúgbò wa tó gé gbogbo gbòǹgbò pupa tirẹ̀ dànù nítorí ó rò pé àrùn ni, igi náà kò sì là á já. Nígbà tí mo délé ní Ìsẹ́yìn, màmá mi fi ọkọ́ wa ìdí pèrègún kan ní ẹ̀yìnkùlé láti fi hàn mí: pípupa bẹ́ẹ̀ náà ni gbòǹgbò tirẹ̀ rí. Dúdú ni kí ẹ bẹ̀rù, pàápàá dúdú tó ń yọ̀.

Ohun tó dà bí ìda tí ẹ máa ń rí ní orí ọ̀pá, níbi tí wọ́n ti gé e, ìda ni lóòótọ́. Wọ́n fi dí ojú ọgbẹ́ kí ó má baà gbẹ tàbí kí ó rà. Ẹ má yọ ọ́. Ríbọ́ọ̀nù tàbí wáyà tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ ni kí ẹ máa yẹ̀ wò lóṣooṣù. Bí ọ̀pá bá ṣe ń sanra ni wáyà ń jẹ ẹ́ lára. Òwú ìránṣọ tó nípọn ni mo fi pààrọ̀ tèmi, mo sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Omi

Ohun tó wà nínú omi ló ń pa á ju àìsí omi lọ. Àwọn ìdílé pèrègún kì í fẹ́ kúlórìnì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ, wọn kò sì fẹ́ fúlóráìdì, èròjà mìíràn tó lè wà nínú omi, rárá. Ṣóńṣó ewé ni yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ mọ̀: yóò gbẹ, yóò di àwọ̀ ilẹ̀, gbígbẹ náà yóò sì máa rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kúlórìnì a máa fò lọ tí ẹ bá pọn omi sínú ike tí ẹ kò dé, tí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Fúlóráìdì kì í fò lọ, kódà bí ẹ bá se omi náà.

Omi òjò ni mo fẹ́ràn jù fún un. N kì í gbe òjò àkọ́rọ̀, torí páànù ṣì kún fún eruku. Tí òjò bá ti rọ̀ tó ìdajì wákàtí, tó ti fọ òrùlé mọ́, ìgbà náà ni mo ń gbé ike síta, mo sì ń dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan a máa tó mi lò fún oṣù méjì gbáko. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi pure water tí àwọn ọmọṣẹ́ mi kò bá mu tán ni mo ń lò. Omi bọ́hòlù ilé tí mo gba ṣọ́ọ̀bù sí máa ń sọ ike funfun di pupa láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí irin tó wà nínú rẹ̀, n kì í sì í bù ú fún un.

Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Kí omi bo gbòǹgbò, kó sì gun ọ̀pá díẹ̀. Fún ọ̀pá tó ga ní ìǹṣì 12, ìǹṣì 2 sí 3 lórí téèpù ti tó. Àwọn kan a máa bu omi dé àárín ọ̀pá, wọ́n rò pé oore ni. Gbogbo ibi tí omi bá bò láìsí gbòǹgbò níbẹ̀, ó lè rà.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni mo ń pààrọ̀ omi, kí n tó ṣí máṣíìnì. Mo ń gbé gbogbo ọ̀pá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, mo ń fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan gbòǹgbò láì rà á lọ́wọ́, mo ń fi kànrìnkàn fọ inú ìgò yíká, mo sì ń ṣan òkúta wẹ́wẹ́ tó gbé wọn ró. Òkúta náà, ẹ sè é kí ẹ tó kọ́kọ́ lò ó. Ẹ má fi ìkarawun òkun rọ́pò rẹ̀, ó máa ń yí omi padà.

Tí ìgò yín bá mọ́ gaara, ẹ ó rí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bí ilá lára rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú omi ló ń hù ú jáde, òun àti igi yín á sì jọ máa jà sí afẹ́fẹ́ inú omi náà. Àgékù aṣọ òfì ni mo fi wé ìgò tèmi, mo rán an bí ìgbà tí èèyàn rán fìlà tí kò ní òkè. Aṣọ yẹn ti Ìsẹ́yìn wá, ó sì tún bá ṣọ́ọ̀bù mu. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n dán nínú dára pẹ̀lú, bí ẹ bá rí i.

Ẹ̀fọn

N kò ní fo èyí, nítorí inú ìgò mi àkọ́kọ́ ni mo ti rí tanwíjí. Ní ọdún 2001, nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó lucky bamboo láti Ṣáínà lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n kì í sínú omi kó má baà gbẹ, ẹ̀fọn abilà tí wọ́n ń pè ní Aedes albopictus bá a wọ ìpínlẹ̀ California. Ẹ̀fọn irú ìdílé yẹn ló ń gbé ibà tí wọ́n ń pè ní dẹ́ńgè kiri, ẹbí rẹ̀ kan tó wà lọ́dọ̀ wa sì ń gbé ibà pọ́njú.

Bí ojú ọjọ́ tiwa ṣe gbóná yìí, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í jẹ́ kí Ọjọ́ Ajé kan kọjá. Dída omi nù nìkan kò tó. Ara ìgò, lókè ibi tí omi dé, ni irú ẹ̀fọn yìí ń lẹ ẹyin mọ́, ẹyin náà sì lè gbẹ síbẹ̀ kó máa dúró de omi. Kànrìnkàn ló ń mú un kúrò. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò ní lè máa pààrọ̀ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó gbin tirẹ̀ sínú ilẹ̀. N ó sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é.

Ibi tí ẹ ó gbé e sí

Ṣẹ́ẹ̀fù tí mo ń to òwú sí ni tèmi wà báyìí, ó jìnnà sí fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 6, kọ́tìnì léèsì sì wà láàárín wọn. Bí ẹ bá lè ka ìwé níbì kan lọ́sàn-án láì tan iná, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ tó o. Bí oòrùn bá ń kan ewé tààrà, ewé á ṣá, á ní àpá funfun tàbí àwọ̀ ilẹ̀ bí aṣọ tí àyọ́ọ̀nù jó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá sì kéré jù, ewé tuntun á máa jáde ní tín-ín-rín, àwọ̀ rẹ̀ á ṣì, ọrùn rẹ̀ á máa gùn wá ibi tí iná wà.

Ibi tí iná bá wà ló ń tẹ̀ sí, nítorí náà mo máa ń yí ìgò náà ní ìdá mẹ́rin kan ní gbogbo Ọjọ́ Ajé. Èyí tí ẹ ń rí tó lọ́ bí ìwo àgbò, ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi lọ́ ọ: wọ́n á jẹ́ kí iná máa ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá, wọ́n á sì máa yí igi náà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Ọwọ́ èèyàn kò tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sì ti rà á délé, orí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tààrà, kò sóhun tó ṣe é.

Ó fẹ́ ooru tó wà láàárín 18 sí 32 ní ìwọ̀n Celsius, ìyẹn ni pé ilé wa bá a lára mu. Atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fẹ́ lù ú tààrà kò dára, ẹ̀yìn fíríìjì tó ń gbóná kò dára. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí a ti ń lọ aṣọ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré nígbà tí mo ń kun ògiri. Ewé rẹ̀ ká jọ bí ìgbà tí wọ́n ká ẹní. Nígbà tí mo gbé e kúrò níbẹ̀, àwọn ewé yẹn kò tú mọ́, tuntun ló yọ lókè wọn.

Ọyẹ́ ló máa ń dán an wò jù. Láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ gbẹ, eruku bo ewé, ṣóńṣó ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹ fi àgékù aṣọ òwú tó rọ̀, tí ẹ rẹ sínú omi òjò tí ẹ fún, nu ewé kọ̀ọ̀kan lókè àti lábẹ́. Ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ewé náà kó má ya. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń ṣe é lákòókò yìí, omi inú ìgò sì máa ń fà kíákíá, ẹ máa wò ó láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣóńṣó tó bá ti jó, ẹ lè fi sísọ́ọ̀sì tó mú ré e, kí ẹ sì gé e ní ṣóńṣó bí ewé ṣe rí. Yóò ṣe é wò.

Nígbà tó bá ń pọ́n

Ewé kan tó pọ́n nísàlẹ̀ pátápátá, tí àwọn yòókù tutù, ọjọ́ orí ni. Ẹ fà á wá sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́, yóò tú.

Tí ọ̀pọ̀ ewé bá ń pọ́n láti òkè, ẹ ronú sí oòrùn tàbí ajílẹ̀. Ajílẹ̀ tí mo da sínú ìgò lọ́jọ́sí ló pa àwọn ọ̀pá mi: iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń fa omi jáde nínú gbòǹgbò dípò kí gbòǹgbò fa omi. Bí ẹ bá ti ṣe irú rẹ̀, ẹ da omi náà nù lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣan gbòǹgbò nínú omi tó mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ má sì fún un ní oúnjẹ kankan fún oṣù mẹ́rin. Igi yìí kì í jẹ púpọ̀. Ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ń tà fún òdòdó inú ilé ni mo ń lò báyìí, mo ń fi omi là á títí yóò fi di ìdá kan nínú 10 ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì. Ẹni tí kò bá fún un ní nǹkan kan rárá kò ṣe é ní ibi.

Ọ̀pá tó ń pọ́n láti ìdí ni kí ẹ má fi òní dọ́la fún. Rírà ló ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá náà kò sì ní wò sàn, kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀, torí omi kan náà ni wọ́n jọ ń mu. Ẹ fọ ohun gbogbo, kí ẹ sì se òkúta náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ ọ̀pá náà nù, ẹ wo òkè rẹ̀. Bí òkè bá ṣì tutù tó sì le, ẹ lè gbà á là. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá mi kan ṣoṣo yẹn ṣe yè.

Bí ẹ bá rí kòkòrò funfun tó dà bí ìdì òwú kékeré ní igun ibi tí ewé ti so mọ́ ọ̀pá, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sípíríìtì nù ún kúrò, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Gígé àti sísọ ọ̀kan di púpọ̀

Ibí yìí ni mo ti gbà pé màmá mi kò ṣì í rárá. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń gbin pèrègún: a ó gé ọ̀pá, a ó kì í bọlẹ̀, ó di igi. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà lára èyí.

Ẹ wo oríkèé dáadáa. Ẹ ó rí ojú kéékèèké lára rẹ̀ bíi ti ìrèké. Inú ojú yẹn ni gbogbo ẹ̀ka àti gbòǹgbò tuntun ti ń yọ. Ẹ fi abẹ tuntun tí ẹ ti fi sípíríìtì nù gé ọ̀pá náà ní ìdajì ìǹṣì lókè oríkèé kan. Ẹ má lo sísọ́ọ̀sì tí ẹ fi ń gé aṣọ bí mo ti ṣe lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ló ń tẹ ara igi fọ́, ibi tó bá fọ́ sì ni rírà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ẹ gé, kó ní oríkèé méjì ó kéré tán. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ lórí, kí ẹ kì í bọ omi òjò ìǹṣì méjì, kí oríkèé kan wà nínú omi.

Lẹ́yìn náà, sùúrù ni. Gbòǹgbò lè yọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè tó oṣù méjì. Tèmi lo ọjọ́ 40 gan-an kí n tó rí ohun pupa kan tó yọrí bí ẹnu abẹ́rẹ́, mo sì pe gbogbo ọmọṣẹ́ mi wá wò ó. Ẹ má máa fà á jáde lójoojúmọ́ láti wò ó.

Ìdí tí ẹ gé e lára rẹ̀ kò kú o. Ẹ kán ìda àbẹ́là sójú ọgbẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìda náà tutù díẹ̀ kí ẹ tó kán an. Láàárín oṣù kan sí méjì, ẹ̀ka kan tàbí méjì yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, lábẹ́ ibi tí ẹ gé. Nígbà tí ẹ̀ka yẹn bá tó ìka ọwọ́ méjì ní gígùn tó sì ti ní oríkèé, òun náà tó gé.

Inú ilẹ̀

Ó ń pẹ́ nínú ilẹ̀ ju inú omi lọ, ó sì ń sanra jù. Ìkòkò tó ní ihò nídìí ni kí ẹ lò. Ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ yanrìn, ìdá méjì ilẹ̀ sí ìdá kan yanrìn. Gbòǹgbò tó dàgbà nínú omi kò tíì mọ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà tutù gan-an fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ sì gbé e sí ibi tó dúdú díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa ki ìka bọ ilẹ̀; tí òkè rẹ̀ bá gbẹ dé oríkèé ìka àkọ́kọ́, ẹ bomi rin ín. Ẹ da omi tó bá ṣẹ́ sínú àwo ìsàlẹ̀ nù, ẹ̀fọn ń wò ó.

Ẹni tó bá ní ológbò tàbí ajá, kó gbé e sí ibi tí ẹnu wọn kò ní dé. Ohun kan wà nínú ewé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní saponin, ó máa ń mú kí wọ́n bì, kí itọ́ máa dà lẹ́nu wọn, kí oúnjẹ má wù wọ́n jẹ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré ní ẹnu pẹ̀lú.

Tí mo bá fẹ́ fún oníbàárà ní ọ̀kan mú lọ, mo máa ń fi òwú tútù wé ìdí rẹ̀, mo ń fi náílọ́ọ̀nù bò ó, mo sì ń fi okùn tín-ín-rín so ó láì fún un pinpin. Ó lè lo ọjọ́ méjì bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Bí èyí tí màmá mi gbé lọ sí Ìsẹ́yìn ṣe rin ìrìn àjò nìyẹn. Wọn kò fi í sínú ìgò. Abẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé, níbi tí omi ìfọṣọ kì í ṣàn dé, ni wọ́n gbìn ín sí, ẹsẹ̀ díẹ̀ sí pèrègún tí wọ́n fi hàn mí ní gbòǹgbò rẹ̀. Ó ti dé èjìká mi báyìí, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé kí n mú abẹ tuntun bọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde, pé ó ti tó gé.